Fáìlì Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Bí A Ṣe Ń Yan Ẹ̀rọ Ìkàwé fún Ìwé Ẹ̀kọ́

Ẹ̀rọ ìkàwé àkọ́kọ́ tí mo ní, ìyẹn ẹ̀rọ pẹlẹbẹ bíi Kindle ti Amazon tí a fi ń ka ìwé tó wà nínú fáìlì, kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìtàn àròsọ ni mo fi ń kà fún bí oṣù méjì, n kò sì rí àléébù kan lára rẹ̀. Ó fúyẹ́, kì í ta ojú, bátìrì rẹ̀ kì í tètè kú. Àfìgbà tí mo gbé ìwé ìṣirò kan sórí rẹ̀, ìwé gbàǹgbà tí ojú ewé rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rin. Fọ́múlà kan wà níbẹ̀ tí nọ́ńbà kékeré kan jókòó sí èjìká lẹ́tà. Mo wò ó títí, n kò mọ̀ bóyá 3 ni tàbí 8. Mo fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, ìdajì fọ́múlà sá kúrò lójú ẹ̀rọ. Mo fà á sí ọ̀tún, ojú ẹ̀rọ ṣẹ́jú, ó dúdú, ó funfun, kó tó fi ìyókù hàn mí. Nígbà yẹn mo ti gbàgbé ohun tó wà lápá òsì.

Ẹ̀rọ yẹn ò ṣẹ̀ mí o. Èmi ni mo rà á láìwo irú ìwé tí mo fẹ́ fi kà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní bẹ̀rẹ̀ ìtọ́sọ́nà yìí láti orúkọ ẹ̀rọ. Ọ̀dọ̀ fáìlì tó wà lọ́wọ́ yín la ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kó ìwé yín jọ, kẹ́ ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ kó ìwé mẹ́wàá tẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ máa kà lọ́dún yìí sójú kan. Ìwé tẹ́ ẹ máa kà lóòótọ́ ni mo wí, kì í ṣe èyí tó kàn wù yín kí àwọn èèyàn mọ̀ pé ẹ ní. Ẹ wo bí orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan ṣe parí.

Èyí tó bá parí sí EPUB, tàbí AZW3 àti MOBI tó jẹ́ ti Amazon, omi ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ẹ dà á sínú ife, á gba ìrísí ife. Ẹ dà á sínú igbá, á gba ìrísí igbá. Bí ẹ bá sọ lẹ́tà di ńlá, ìlà á tún ara rẹ̀ tò, kò sì sí ohun tó máa sá kúrò lójú ẹ̀rọ.

Èyí tó bá parí sí PDF, òkúta ni. Ọdún 1993 ni ilé iṣẹ́ Adobe gbé PDF jáde, kí ojú ewé kan náà lè rí bákan náà lórí kọ̀ǹpútà gbogbo àti nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbogbo. Wọ́n ṣe ohun tí wọ́n sọ, òun gan-an ló sì kó wa sí wàhálà. Bí ẹni tó ṣe ìwé bá ṣe é fún bébà A4, A4 ló máa jẹ́ títí ayé. Ẹ̀rọ tó bá kéré sí A4 kò lè tún un tò, ńṣe ló máa sún un kì.

Irú kẹta fara jọ PDF, ó sì burú jù ú lọ: ìwé tí ẹnì kan ya fọ́tò ojú ewé rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ sìkánà. Ẹ fi màósì fa ìlà gba orí ọ̀rọ̀ kan. Bó bá mú ọ̀rọ̀ yẹn, lẹ́tà gidi ló wà níbẹ̀. Bí kò bá mú nǹkan kan, àwòrán lásán lẹ ń wò. Ẹ̀rọ ìkàwé ò ní lè bá yín wá ọ̀rọ̀ nínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀, kò ní lè ṣí ìwé atúmọ̀ èdè fún yín, ẹ ò sì ní lè sàmì sí gbólóhùn. Sọ́fítíwíà OCR lè ka lẹ́tà inú àwòrán náà kó sì tẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà ni kẹ́ ẹ ti ṣe é.

Ó yá, ẹ kà wọ́n. Bí méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mẹ́wàá bá jẹ́ EPUB, tó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn, bí ìwé ìtàn, òfin, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò tàbí lítíréṣọ̀, ẹ̀rọ íǹṣì 6 tàbí 7 tó yín. Ẹ fo Ìgbésẹ̀ 2, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ẹ̀rọ gbẹ̀ǹdẹ̀kẹ̀ fún yín. Àmọ́ ẹ yẹ nǹkan méjì wò kẹ́ ẹ tó yọ̀.

Àkọ́kọ́ ni fọ́múlà. Nínú EPUB ìwé ìṣirò tàbí kẹ́mísírì, ọ̀pọ̀ ìgbà ni fọ́múlà jẹ́ àwòrán kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àárín ọ̀rọ̀. Ẹ sọ lẹ́tà di ńlá, gbogbo ọ̀rọ̀ á dàgbà, fọ́múlà nìkan á wà bí aràrá láàárín wọn. Àtẹ tó fẹ̀ náà máa ń dà rú. Ẹ ṣí ojú ewé bíi mélòó kan kẹ́ ẹ rí i fúnra yín.

Ìkejì ni nọ́ńbà ojú ewé. Nígbà tí ìlà bá ń tún ara rẹ̀ tò, kò sí ojú ewé kan tó dúró. Bí iṣẹ́ yín bá gba pé kẹ́ ẹ tọ́ka sí ìwé pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ewé, ẹ wò ó bóyá EPUB náà gbé nọ́ńbà ìwé tí wọ́n tẹ̀ dání. Òmíràn gbé e dání, òmíràn ò gbé e. PDF kì í ní ìṣòro yìí, ìdí sì nìyẹn tí àwọn kan tó ń kọ iṣẹ́ ìwádìí fi ń fara da gbogbo wàhálà rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wọn ojú ewé tó le jù

Ibí ni mo fẹ́ ká ti pẹ́ díẹ̀, torí ibí ni owó ti ń ṣòfò.

Láti igun òkè dé igun ìsàlẹ̀ tó dojú kọ ọ́ ni wọ́n ń wọn ojú ẹ̀rọ, ni íǹṣì fi máa ń dún bí ohun tó pọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di sẹ̀ǹtímítà. Íǹṣì 6 fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 9, ó sì ga tó 12. Íǹṣì 7.8 fẹ̀ tó 12, ó ga tó 16. Íǹṣì 10.3 fẹ̀ tó nǹkan bíi 16, ó ga tó 21, ìyẹn ni pé ó sún mọ́ bébà A5. Íǹṣì 13.3 fẹ̀ tó 20, ó ga tó 27. Bébà A4 fúnra rẹ̀ fẹ̀ tó 21, ó ga tó 29.7.

Bí ẹ bá wá kó ojú ewé A4 lódindi sójú ẹ̀rọ, ohun tó máa ṣẹ́kù nínú títóbi rẹ̀ nìyí: lórí íǹṣì 6, ìdá 41 nínú 100. Lórí íǹṣì 7.8, ìdá 53. Lórí íǹṣì 10.3, ìdá 70. Lórí íǹṣì 13.3, ìdá 91. Lẹ́tà tí wọ́n kọ ní ìwọ̀n 10 nínú ìwé máa di ìwọ̀n 4 lórí ẹ̀rọ tó kéré jù, bí ìkìlọ̀ tí wọ́n máa ń tẹ̀ sẹ́yìn páálí oògùn. Lórí íǹṣì 10.3, á di 7. Ìyẹn ṣe é kà, bí ojú yín bá dáa, tí ẹ kò sì ní í kà á fún wákàtí mẹ́rin.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ẹ dán an wò. Nínú ìwé mẹ́wàá yẹn, ẹ yan ojú ewé kan ṣoṣo tó le jù: èyí tí àtẹ rẹ̀ pọ̀ jù, tàbí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù, tàbí tí àlàyé ìsàlẹ̀ ojú ewé rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àyè lọ́wọ́ ìwé fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lẹ́ẹ̀mẹta: ní ìdá 41, ní ìdá 53, àti ní ìdá 70. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ibi tí wọ́n ti ń yan ìdá yìí kí ẹ tó ní kó tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé bébà kọ̀ọ̀kan sí ibi tí ẹ máa ń gbé ìwé sí tí ẹ bá ń kàwé lálẹ́, kẹ́ ẹ ka ìlà márùn-ún. Bébà tó bá kọ́kọ́ jẹ́ kí ojú yín sinmi, òun ló ń sọ títóbi ẹ̀rọ tí ẹ nílò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni, kò sì sí èyí tó dà bíi rẹ̀ nínú gbogbo àyẹ̀wò tí mo mọ̀. Ká ní mo ṣe é lọ́jọ́sí ni, n kì bá tí ra ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn.

Kẹ́ ẹ tó sọ pé íǹṣì 13.3 nìkan ló lè gbà yín, ẹ gbọ́ ọgbọ́n mẹ́ta.

Ọgbọ́n kìíní, ẹ gé etí ojú ewé dànù. A4 tó fi sẹ̀ǹtímítà 2.5 sílẹ̀ yí ká, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an kò ju 16 ní fífẹ̀ àti 24.7 ní gíga. Bí ẹ̀rọ bá lè gé etí funfun yẹn, ìdá 70 ti íǹṣì 10.3 máa fò sí 85. Ó tó kí orí fífọ́ lọ.

Ọgbọ́n kejì, ẹ dá ẹ̀rọ dùbúlẹ̀. Íǹṣì 10.3 tó dùbúlẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 21, fífẹ̀ A4 gẹ́lẹ́. Ìdajì òkè ojú ewé á hàn bó ṣe rí lórí bébà, ẹ ó kà á tán, ẹ ó tẹ ojú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, ìdajì ìsàlẹ̀ á dé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ní ẹ̀rọ yìí fún ọdún méjì láìdá a dùbúlẹ̀ rí.

Ọgbọ́n kẹta wà fún àpilẹ̀kọ ìwádìí tó ní òpó ọ̀rọ̀ méjì lórí ojú ewé kan. Ẹ wá ẹ̀rọ tó lè mú yín sọ̀ kalẹ̀ lórí òpó òsì, kó sì fúnra rẹ̀ gbé yín padà sókè òpó ọ̀tún. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní in.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo ìwé ẹ̀kọ́ ló jẹ́ A4. Èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 17, tó sì ga tó 24, máa gba ìdá 87 lórí íǹṣì 10.3 láìgé etí rẹ̀ rárá. Nítorí náà, bí ẹ bá ní kí n fi ọ̀rọ̀ kan yàn fún akẹ́kọ̀ọ́ tí PDF pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, nǹkan bí íǹṣì 10 ni mo máa dárúkọ. Íǹṣì 13.3 wà fún ẹni tó ń ka àwòrán ilé, orin tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní àmì, tàbí ìwé ìṣirò láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Ó tóbi, kò ṣe é fi ọwọ́ kan dì mú lórí ibùsùn.

Ìgbésẹ̀ 3: Ṣé ojú oníyíǹkì ni, tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì?

Inú ojú oníyíǹkì, ìyẹn irú ojú tí ẹ̀rọ ìkàwé ní, ohun tó wà níbẹ̀ ni àwọn péńpé bọ́ọ̀lù tí ojú lásán ò lè rí. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ègé dúdú àti ègé funfun wà nínú omi. Iná mànàmáná á fa dúdú wá sókè níbì kan, á fa funfun wá sókè níbòmíràn, lẹ́tà á yọ. Lẹ́yìn náà, kò nílò iná mọ́ láti máa fi lẹ́tà yẹn hàn. Ìdí nìyẹn tí bátìrì rẹ̀ fi ń lo ọ̀sẹ̀, nígbà tí ti tábúlẹ́ẹ̀tì ń lo wákàtí. Kò sì ta ojú, torí ìmọ́lẹ̀ yàrá ló ń tàn padà sí yín, bíi ti bébà.

Ègé tó ń rìn nínú omi kì í sáré. Ohun tó fà á nìyẹn tí ojú ẹ̀rọ fi ń ṣẹ́jú, tí òjìji ojú ewé tó kọjá fi ń ṣẹ́kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń ka ìwé láti ìlà dé ìlà ò ní bìkítà. Ẹni tó ń fo láti ojú ewé 212 sí ìdáhùn ní ojú ewé 640, tó tún ń padà wá, yóò bìkítà gan-an ni. Bí ìwé yín bá jẹ́ irú èyí tí ẹ máa ń fi ìka mẹ́ta dí sí ojú ewé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má tan ara yín jẹ: tábúlẹ́ẹ̀tì tàbí ìwé bébà ló máa sìn yín jù.

Àwọ̀ ńkọ́? Ẹ̀rọ aláwọ̀ dúdú àti funfun ní ìpele eérú 16. Àwọn tó ní àwọ̀, bíi ti Kaleido 3 tí ilé iṣẹ́ E Ink ṣe, lè fi àwọ̀ 4,096 hàn, ṣùgbọ́n asẹ́ àwọ̀ ni wọ́n tẹ́ lé ojú dúdú-funfun náà. Asẹ́ yẹn ń jẹ ìmọ́lẹ̀, tí ojú ẹ̀rọ fi máa ń ṣú díẹ̀, ẹ ó sì máa tan iná rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́tà dúdú ń ní àmì kéékèèké 300 nínú íǹṣì kan, ti àwọ̀ jẹ́ 150 péré. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí aṣọ tó ti wọ omi léraléra: ẹ ó mọ pé pupa ni, kò ní dán.

Àyẹ̀wò ti ibí yìí rọrùn. Ẹ mú gíráàfù kan nínú ìwé yín tó ní ìlà pupa àti ìlà àwọ̀ ewé, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ ní dúdú àti funfun. Bí ẹ bá ṣì lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ ò nílò àwọ̀. Bí ìlà méjèèjì bá di eérú kan náà, ojú aláwọ̀ tó ṣú yẹn tó yín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àwòrán ara ènìyàn, tí iṣan pupa àti iṣan búlúù ń lọ́ mọ́ra, tàbí àwòrán ohun tí wọ́n wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ẹ ra tábúlẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ pa ìwé yìí dé.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wádìí ibi tí ìwé yín ti ń wá

Ìwé tí ẹ bá rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń ní àgádágodo lẹ́nu, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Ìwé tí ẹ rà lọ́dọ̀ Amazon, Kindle tàbí áàpù Kindle ló lè ṣí i. Láti ìparí oṣù Kejì ọdún 2025, Amazon ò gbà kí èèyàn gbé ìwé alágàádágodo tó rà sọ̀ kalẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kó tó fi wáyà gbé e lọ sórí Kindle mọ́. Ìwé tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ Adobe tì, ẹ̀rọ ìkàwé Kobo àti PocketBook lè ṣí i, Kindle ò lè ṣí i. Ẹ̀rọ reMarkable ní tirẹ̀ ò bá àgádágodo kankan ṣe: PDF àti EPUB tó ṣí sílẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń yá fún sáà kan tún yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fún yín ní fáìlì rárá. Inú áàpù tiwọn lẹ ti máa kà á. Ẹ̀rọ ìkàwé tó ń lo Android, bíi Boox, lè gba áàpù bẹ́ẹ̀. Kindle, Kobo àti reMarkable ò lè gbà á. Kó tún yé yín pé áàpù tí wọ́n ṣe fún fóònù máa ń ṣe wọ́kuwọ̀ku lórí ojú oníyíǹkì, torí ó fẹ́ máa yọ̀ lọ sókè sódò, ojú yìí ò sì mọ eré yẹn sá.

Ní ti EPUB tí kò ní àgádágodo, Kindle kì í ṣí i ní tààrà bí ẹ bá fi wáyà gbé e sórí rẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ gba Send to Kindle, ọ̀nà tí Amazon fi ń gba fáìlì yín lọ sórí Kindle, tó ti ń gba EPUB láti ọdún 2022. Á sọ ọ́ di irú èyí tí Kindle mọ̀. Àtẹ àti fọ́múlà lè yí padà díẹ̀ lójú ọ̀nà, torí náà kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò tó bá dé.

Ìgbésẹ̀ 5: Kíkọ sórí ìwé

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ńlá ló ń polówó kálámù báyìí. Kindle Scribe jáde lọ́dún 2022, reMarkable ti wà ṣáájú rẹ̀, Kobo Elipsa àti àwọn Boox kan náà ní kálámù. Ó dùn ún kọ, n kò ní parọ́. Ìbéèrè mi ni pé: ìwé bébà tó wà nílé yín, ṣé ẹ máa ń kọ nǹkan sí etí rẹ̀? Bí etí wọn bá funfun nini, kálámù ò ní sọ yín di ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá ń kọ ọ́, ohun tó ṣe pàtàkì ju bí kálámù ṣe ń yọ̀ lọ́wọ́ ni bí ohun tí ẹ kọ ṣe máa jáde kúrò nínú ẹ̀rọ. Ẹ sàmì sí gbólóhùn mẹ́ta, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan sí etí ìwé, kẹ́ ẹ gbìyànjú láti gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé orí kọ̀ǹpútà. Ṣé wọ́n wà nínú PDF náà tí ẹ bá fi áàpù mìíràn ṣí i, tàbí àwòrán lásán ni wọ́n dà? Kindle máa ń kó ohun tí ẹ sàmì sí sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ My Clippings.txt, ó sì rọrùn láti kó jáde. Àmọ́ fún ìwé tí ẹ rà, ẹni tó tẹ ìwé jáde lè fi òdiwọ̀n sí iye tí ẹ lè kó. Ẹ wo èyí kẹ́ ẹ tó sàmì sí ìwé odidi fún iṣẹ́ àṣekágbá.

Ìkìlọ̀ kan tún wà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fi ọwọ́ kọ sórí PDF máa dúró síbi tó wà, torí òkúta ni. Ti EPUB lè ṣí nípò bí ẹ bá yí títóbi lẹ́tà padà, kí ọfà tí ẹ fà sí gbólóhùn kan wá máa tọ́ka sí òmíràn. Ẹ yan títóbi lẹ́tà kan, ẹ dúró tì í.

Ìgbésẹ̀ 6: Àwọn nǹkan kéékèèké

Àyè ìpamọ́: ìwé ọ̀rọ̀ lásán kì í sábà ju mẹ́gábáìtì díẹ̀ lọ, ìwé tí wọ́n fi sìkánà ya lè ju ọgọ́rùn-ún lọ. Bí irú kẹta yẹn bá pọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ ra gígábáìtì 32. Bí kò bá pọ̀, 16 tó.

Iná ojú ẹ̀rọ: ẹ bèèrè, ẹ má rò pé ó gbọ́dọ̀ wà. reMarkable 2 ò ní iná kankan.

Ọ̀pọ̀ ojú oníyíǹkì ní gíláàsì tín-ín-rín lábẹ́. Kì í ṣe ṣíṣubú nìkan ló ń fọ́ ọ. Ó lè fọ́ nínú báàgì, nígbà tí igun ìwé líle tàbí orí ṣájà bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ ra àpò líle fún un lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á.

Ìgbésẹ̀ 7: Àyẹ̀wò ogún ìṣẹ́jú

Bí ilé ìtajà bá gbà, ẹ gbé fáìlì yín lọ. Bí ẹ bá rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ mọ iye ọjọ́ tí ẹ fi lè dá a padà, kẹ́ ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìwé tí wọ́n kó sínú ẹ̀rọ fún àfihàn kì í ṣe ẹlẹ́rìí òdodo. Ìtàn aládùn ni, lẹ́tà rẹ̀ tóbi, kò ní fọ́múlà.

Ẹ ṣí fáìlì tó wúwo jù lọ́wọ́ yín. Ẹ lọ sí ojú ewé 400, ẹ máa kà á lọ́kàn: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Bó bá kọjá ẹ̀ta, ẹ fi sọ́kàn. Ẹ lọ sí atọ́ka ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìwé, ẹ mú ọ̀rọ̀ kan, ẹ lọ síbi tó wà, kẹ́ ẹ wá bọ́tìnì tó máa dá yín padà sí ibi tí ẹ ti wá. Bọ́tìnì ìpadà yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kò bá ní in á jẹ́ kẹ́ ẹ máa kọ nọ́ńbà ojú ewé sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ wá ọ̀rọ̀ kan tó fara hàn lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ gé etí ojú ewé, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tún un tàn: ṣé ó rántí bí ẹ ṣe gé e? Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó kẹ́ ẹ kà á fún ìyókù àkókò náà láìṣe àyẹ̀wò kankan. Bí ẹ bá gbàgbé pé ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ yín, ẹ ti rí i.

Ìgbésẹ̀ 8: Lẹ́yìn tí ẹ bá rà á

Ẹ fi sọ́fítíwíà Calibre sórí kọ̀ǹpútà yín. Ọ̀fẹ́ ni, ó ti wà láti ọdún 2006, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń to ìwé, tí wọ́n ń tún orúkọ rẹ̀ ṣe, tí wọ́n sì ń sọ EPUB di AZW3. Ẹ má ní kó sọ PDF ìwé ìṣirò di EPUB. Ó máa gbìyànjú, ẹ máa rí i, ẹ máa sì rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó bá lo Kobo, PocketBook tàbí ẹ̀rọ Android lè fi áàpù ìkàwé KOReader kún un. Òun náà ò gba owó. Gígé etí, kíka òpó méjì, àti títún PDF tò kí lẹ́tà rẹ̀ lè tóbi, gbogbo rẹ̀ ló mọ̀, ó sì ń ṣe wọ́n ju ohun tó wá pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lọ. Ojú rẹ̀ ò fani mọ́ra. Ẹ fún un ní ọjọ́ méjì.

Bí ìwé bá wúwo débi pé ẹ̀rọ ń mí gúlegúle, ẹ gé e sí orí-orí lórí kọ̀ǹpútà. Orí tí ẹ ń kà lọ́sẹ̀ yìí nìkan ló yẹ kó wà lórí ẹ̀rọ, pẹ̀lú àwọn ìdáhùn nínú fáìlì tiwọn.

Bí àmì ohùn Yorùbá bá ń já bọ́ kúrò lórí lẹ́tà, tàbí tí ẹ̀ àti ọ́ ń di àpótí òfìfo, fọ́ǹtì, ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà, ló fà á. Gentium, Charis SIL àti Noto Serif mọ àmì wa dáadáa. Kindle àti Kobo ń gba fọ́ǹtì tí ẹ bá kó sínú àpò fáìlì tó ń jẹ́ fonts.

Ní tèmi, ẹ̀rọ méjì ló wà lórí tábìlì mi báyìí: kékeré ìjọ́sí fún EPUB, àti íǹṣì 10.3 kan tí mo máa ń dá dùbúlẹ̀ fún PDF. Ìwé ìṣirò yẹn lohun àkọ́kọ́ tí mo gbé sórí rẹ̀ lọ́jọ́ tó dé. Mo gé etí rẹ̀, mo lọ tààrà sí fọ́múlà náà. 8 ni.